Ford àti Chevrolet: Èwo Nínú Wọn Ló Ṣiṣẹ́ fún Wa Jù?

(Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu, fọ́ìsì mẹ́fà. Ẹni tó bá fẹ́ fetí gbọ́ ọ, kó wá a lókè nínú ẹgbẹ́ wa.)

Fọ́ìsì kìíní

  Thinkers Corner níbí ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń pariwo, torí náà tí ẹ bá gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, ẹ má bínú.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta yìí ni pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tí yóò máa kó ẹrù láàárín Enugu àti Ìbàdàn. Àwọn kan ní ká ra èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi, tó lè fa ohunkóhun. Àwọn kan ní ká ra èyí tó fúyẹ́ tí kì í mu epo. Ẹnì kan wá kọ ọ́ síbí pé ọkọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni ọkọ̀, ìyókù ń ṣeré ni. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ owó o, àwọn olóyè ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ni iṣẹ́ tèmi láàárín yín, ìtàn sì ní nǹkan láti wí sí ọ̀rọ̀ yìí.

Àríyànjiyàn tí ẹ ń ṣe yìí kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, gbogbo ẹni tó fẹ́ fi mọ́tò ṣòwò nílẹ̀ wa ló ní láti dáhùn ìbéèrè kan náà: ṣé ká ra èyí tó lágbára ni, àbí èyí tó rọrùn? Ìdílé mọ́tò Amẹ́ríkà méjì ló sì wà ní ìdí rẹ̀, Ford àti Chevrolet. Mo fẹ́ ká gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n lálẹ́ yìí: eré, agbára, ẹrù, ọ̀nà, àtúnṣe àti owó. Ní ìparí, ẹ ó rí i pé ohun tó yan ọkọ̀ fún wa kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Fọ́ìsì kejì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bí ayé ṣe rí kí mọ́tò tó dé. Nínú igbó wa níhà gúúsù, ẹṣin àti màlúù kì í pẹ́ láyé nítorí kòkòrò tsetse tó ń kó àìsàn ràn wọ́n. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹranko ń fà nílẹ̀ wa bó ṣe wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Orí ènìyàn ló ń gbé gbogbo ẹrù. Ẹrù aláàárù kan jẹ́ nǹkan bí kílò 27. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: kí ẹrù tọ́ọ̀nù kan tó kúrò lójú kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba aláàárù 37. Ọgbọ̀n ènìyàn ó lé méje, fún tọ́ọ̀nù kan péré! Wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn lọ́nà, wọ́n á gba owó, wọ́n á tún padà wá lọ́wọ́ òfo.

Rélùwéè dé. Láti Èkó dé Ìbàdàn, ọdún 1901. Ní tiwa níhìn-ín, èédú ló pè é wá: wọ́n rí èédú lórí òkè Udi ní 1909, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, ojú irin láti Port Harcourt sì wọ Enugu ní 1916. Ẹ má gbàgbé pé Enugu tí a ń gbé yìí, èédú àti ojú irin ló bí i. Ṣùgbọ́n ojú irin kì í yà sí oko ẹnikẹ́ni. Kòkó tó wà lóko, ekùrọ́ tó wà ní abúlé, orí náà ló ń gbé e dé tésàn rélùwéè.

Ìjọba wá gbìyànjú mọ́tò. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1906, wà lára àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí. Àmọ́ ọkọ̀ ẹrù tó ń ti ilẹ̀ Yúróòpù wá láyé ìgbà yẹn wúwo bí àpáta. Táyà rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí fọganáísà ń fẹ́ atẹ́gùn sí, rọ́bà líle gbọingbọin ni. Ẹ fojú inú wò ó: ọ̀nà amọ̀, afárá onígi, òjò oṣù keje, àti ọkọ̀ tó lè wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta kí wọ́n tó gbé ẹrù kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Bó bá kọjá lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà di poro. Bó bá kọjá lẹ́ẹ̀mejì, afárá wó. Agbára wà nínú rẹ̀ o, ọ̀nà tó lè gba agbára náà ni kò sí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Fọ́ìsì kẹta

Ó ti kan Ford báyìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1908, Henry Ford gbé ọkọ̀ kan jáde ní Detroit, ó pè é ní Model T. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́rin, ó jẹ́ lítà 2.9, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 20. Ogún péré! Àwọn alùpùpù ńlá òde òní fi ìyẹn ṣẹ̀sín. Eré tó lè sá kò ju nǹkan bí kìlómítà 65 sí 70 ní wákàtí kan, jíà iwájú rẹ̀ kò sì ju méjì lọ.

Kí ló wá dé tó fi gba gbogbo ayé? Àkọ́kọ́, ó fúyẹ́. Odindi ọkọ̀ náà kò ju nǹkan bí kílò 540 lọ, torí irin tó ní vanadium nínú ni wọ́n fi ṣe ibi tó yẹ kó le nínú rẹ̀, irú irin bẹ́ẹ̀ sì le láìwúwo. Ìkejì, ìdí rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ló fẹ́ ta á fún, ọ̀nà oko Amẹ́ríkà nígbà náà kò sì sàn ju tiwa lọ, ẹrẹ̀ ni. Ìkẹta, ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Kò ní pọ́ǹpù epo, ńṣe ni epo ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú táǹkì. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò ní pọ́ǹpù omi, omi gbígbóná á gòkè, omi tútù á sọ̀kalẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ó parí. Ohun tí kò sí nínú ọkọ̀ kò lè bàjẹ́.

Ìkẹrin ni owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ náà tó dọ́là 850. Ní 1913 Ford bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò lórí ìlà tó ń rìn, tí òṣìṣẹ́ dúró sójú kan tí mọ́tò sì ń bá a níbẹ̀. Iṣẹ́ títò tó ń gbà ju wákàtí 12 lọ wá sílẹ̀ sí ìṣẹ́jú 93. Nígbà tó fi máa di 1925, èyí tó kéré jù lára rẹ̀ ti wálẹ̀ dé dọ́là 260.

Ó ní àbùkù o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i kó tó ṣí, ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń di irin náà mú, irin lè ta padà kó ṣẹ́ ẹ lápá. Bíréèkì ẹsẹ̀ rẹ̀ inú jíà ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe lára táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí pé epo ń ṣàn fúnra rẹ̀, tí òkè bá ga jù tí epo sì ti kù díẹ̀ nínú táǹkì, epo kò ní dé ẹ́ńjìnnì mọ́. Kí ni awakọ̀ á ṣe? Á yí ọkọ̀ padà, á fi ẹ̀yìn gun òkè. Òótọ́ ni mo sọ! Ẹ̀yin tí ẹ mọ Milliken Hill, ọ̀nà àtijọ́ tó ń gun òkè láti Enugu lọ sí Ngwo, ẹ ro ó wò: kí ènìyàn máa fi ẹ̀yìn gun ibi kọ́rọ́kọ̀rọ yẹn, kí ọ̀gbun wà lápá kan.

Ní 1917, Ford ṣe Model TT, ọkọ̀ ẹrù tọ́ọ̀nù kan. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ṣáṣì ló gùn tó sì le sí i. Ó lọ́ra bí ìgbín, ṣùgbọ́n awakọ̀ kan ń ṣe iṣẹ́ aláàárù 37, ó sì ń padà wá lọ́jọ́ kan náà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni Ford fúyẹ́ yìí rọ́ wọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní Gold Coast, àwọn àgbẹ̀ kòkó dá owó jọ, wọ́n san owó fún àwọn tó la ọ̀nà tó sì ṣe afárá fún wọn. Wọn ò dúró de ìjọba. Ìdí tó fi ṣeé ṣe nìyí: ọ̀nà tí ènìyàn fi ọkọ́ àti àdá là lè gba Ford. Kò ní gba lọ́rì oníwúwo ti Yúróòpù láéláé. Ní Èkó náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ti wọ inú òwò náà. Ọ̀gbẹ́ni W. A. Dawodu, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí iṣẹ́ ọwọ́ àti kẹ̀kẹ́, ń ta mọ́tò ó sì ń tún mọ́tò ṣe kó tó kú ní 1930. Ẹ kò rí i pé kò pẹ́ rárá kí ọwọ́ wa tó mọ ọkọ̀ yìí?

Fọ́ìsì kẹrin

Chevrolet ńkọ́? Ọdún 1911 ni Louis Chevrolet, awakọ̀ eré ìje tí wọ́n bí ní Switzerland, àti oníṣòwò kan tó ń jẹ́ William Durant dá a sílẹ̀. Nígbà tó di 1918, ó ti wà lábẹ́ General Motors. Ọ̀nà tí Chevrolet gbà bá Ford jà ni pé: jẹ́ kí Ford máa ta ọkọ̀ tó rọrùn, àwa á fi díẹ̀ lé owó, a ó sì fún oníbàárà ní ohun tó sàn jù. Ó gbà wọ́n ní ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1927, Ford dá Model T dúró lẹ́yìn tó ti ṣe ju mílíọ̀nù 15 lọ. Lọ́dún yẹn gan-an, Chevrolet tà ju Ford lọ.

Fún ọdún 1929, Chevrolet gbé ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà jáde, lítà 3.2, ẹṣin 46, wọ́n sì ń polówó rẹ̀ pé owó sílíńdà mẹ́rin ni wọ́n ń gbà lórí mẹ́fà. Ford náà kò sùn. Model A rẹ̀ ní ẹṣin 40, nígbà tó sì di 1932 ó gbé V8 oní ẹṣin 65 jáde. Ìjà àwọn méjèèjì nìyẹn, a ò ní bá wọn parí ẹ̀ lónìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí sílíńdà mẹ́fà ń ṣe. Ẹ wo àwọn tó ń gún iyán. Tí ènìyàn mẹ́rin bá ń gún un, àlàfo díẹ̀ wà kí ọmọ odó kan tó tẹ̀ lé èkejì. Tí wọ́n bá di mẹ́fà, ìró kan ò tíì parí tí òmíràn fi bọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà ṣe rí: kì í gbọ̀n púpọ̀, bó bá sì ń rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ẹrù lórí òkè, kì í tètè kú. Fún ọkọ̀ ẹrù, ìyẹn wúlò ju eré lọ.

Báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an rèé. Ní 1925, General Motors ra ilé-iṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń to ọkọ̀ ẹrù Chevrolet níbẹ̀, títí tí iṣẹ́ náà fi dé ìlú Luton. Ní oṣù kẹrin ọdún 1931 wọ́n fún ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní orúkọ tuntun, orúkọ tó jáde láti ara Bedfordshire, agbègbè tí Luton wà. Bedford! Àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù méjì, ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìyá ti Chevrolet. Nítorí náà, Bedford tí àwọn bàbá yín ń ròyìn rẹ̀ yẹn, tí gbogbo ènìyàn rò pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ni, ọmọ Chevrolet ni. Luton ni wọ́n bí i sí, Detroit ni bàbá rẹ̀ ti wá.

Bedford dàgbà. Ó kúrò ní tọ́ọ̀nù méjì, ó di mẹ́ta ní 1934. Ní 1939 ó di márùn-ún. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, dọ́là wọ́n gan-an ní gbogbo ilẹ̀ tó ń ná owó pọ́n-ùn, ìjọba sì ń dí ọjà tó ń ti Amẹ́ríkà wá lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó bá jẹ́ pé pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń rà á ló lè wọlé dáadáa. Ford ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní Dagenham nítòsí London, lọ́rì tirẹ̀ náà sì ń wá. Ṣùgbọ́n UAC ló wà lẹ́yìn Bedford nílẹ̀ wa, ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀ka rẹ̀ wà káàkiri. Nígbà tó yá, wọ́n ń to Bedford ní Apapa. Ní 1958, irú kan tí wọ́n ń pè ní TJ jáde, èyí tí imú rẹ̀ yọ síwájú, òun ni ọ̀pọ̀ nínú yín tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún á rántí.

Fọ́ìsì karùn-ún

Ó yá, òṣùwọ̀n.

Ní ti eré àti agbára, kò sí àríyànjiyàn. Ẹṣin 46 kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹṣin 20. Ẹ gbé TT lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bedford àkọ́kọ́, Bedford á ti já ẹrù kí TT tó gun òkè tán.

Ní ti ẹrù: tí àgbẹ̀ bá ní tọ́ọ̀nù mẹ́rin, TT á lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, Bedford á lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdajì ìrìnàjò, ìdajì àkókò awakọ̀. Bedford ló jẹ ẹ́.

Ní ti ọ̀nà, Ford ló jẹ ẹ́. Lórí ọ̀nà oko ọdún 1920, pẹ̀lú afárá onígi méjì, Ford á kọjá. Ẹrù Bedford ì bá dúró létí odò. Èrè tó wà nínú tọ́ọ̀nù tí kò kọjá odò, kí ni? Òdo.

Ní ti àtúnṣe, Ford náà ló jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n èyí gba àlàyé. Alágbẹ̀dẹ tó ti ń rọ ọkọ́ láti kékeré lè wo inú Ford kó mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe lásán ni àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì wa fi jẹ́ ọmọ Ògún. Ọ̀rọ̀ irin ni, ilé Ògún ni irin ti wá. Nígbà tí Bedford fi dé, àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti kọ́ Ford ti di ọ̀gá, wọ́n sì ti ní ọmọ iṣẹ́ tiwọn. Ìmọ̀ tí wọ́n kó lára èyí tó rọrùn ni wọ́n fi gba èyí tó le. Ká ní Bedford ló kọ́kọ́ dé, ta ni ì bá tún un ṣe?

Ní ti owó, ẹ fara balẹ̀. Rírà Ford kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra Bedford ń pa owó jù ní ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó sì ń ta lọ́rì láwìn, kí ènìyàn san díẹ̀ sílẹ̀, kó máa san ìyókù lóṣooṣù. Tí ọkọ̀ bá dúró fún oṣù méjì nítorí pààtì tí kò sí, gbèsè kò dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ibẹ̀ pàdánù lọ́rì wọn. Torí náà àwọn tó gbọ́n kì í béèrè pé èwo ló yára, wọ́n ń béèrè pé èwo ni pààtì rẹ̀ wà nítòsí.

Ó wá ku nǹkan kan tí àwọn méjèèjì fi jọra, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ìhòhò ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí sábà ń dé. Ṣáṣì, ẹ́ńjìnnì, táyà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tán. Ìyókù, káfíńtà wa ló ń ṣe é. Pákó ni wọ́n fi ń kọ́ ara rẹ̀, wọ́n á to bẹ́ǹṣì sínú, wọ́n á fi tapólì dí ẹ̀gbẹ́ nígbà òjò. Àwọn ayàwòrán á kọ òwe síwájú, wọ́n á kọ àdúrà sẹ́yìn. Ẹrù àti èèyàn á jọ wọ ọ́: ìyá oníṣu, ewúrẹ́, àpò gàrí, ọmọ ilé ìwé. Bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe ń bá ara wọn jà nítorí èrò ní gáréèjì, àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní bọ́lẹ̀kájà. Bedford lágbára tó láti gbé gbogbo pákó yẹn kó tún gbé ẹrù lé e. Ford àtijọ́ kò lè gbà á. Ibẹ̀ ni Ford ti fi ipò sílẹ̀. Ford ló la ọ̀nà, Bedford ló jogún rẹ̀.

Ẹ sì má rò pé ìjọba dunnú sí i. Rélùwéè ni ìjọba fi owó ńlá kọ́, lọ́rì sì ń gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Gold Coast, wọ́n ṣe òfin ní 1936 tó sọ pé lọ́rì kò gbọdọ̀ gbé àwọn ẹrù kan, títí kan kòkó, ní àwọn ọ̀nà kan tó ń bá rélùwéè du ẹrù. Ní ọ̀dọ̀ wa, owó láísẹ́ǹsì ni wọ́n fi ń fún wọn lọ́rùn. Ọ̀kan nínú àwọn tó dìde sí i ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣòwò ọkọ̀ àti kòkó nígbà náà. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò, ó sì wà lára àwọn tó ṣáájú ìdaṣẹ́sílẹ̀ wọn ní 1937. Ní ìhà ibí náà, Sir Louis Odumegwu Ojukwu ará Nnewi fi òwò lọ́rì di ọ̀kan lára àwọn ọlọ́rọ̀ jù lọ nílẹ̀ yìí. Ní 1956, ọkọ̀ Rolls-Royce tirẹ̀ ni Ọbabìnrin Elizabeth gùn nígbà tó bẹ Nàìjíríà wò. Ẹ ò rí i? Yorùbá ni o, Igbo ni o, ẹ̀yìn lọ́rì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ àti olóṣèlú wa ti dìde.

Fọ́ìsì kẹfà

Mo ti ń gùn jù, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀.

Ta ló wá lé Bedford lọ? Ọmọ Jámánì ni, Mercedes 911. Nọ́ńbà yẹn ní ìtumọ̀: mẹ́sàn-án dúró fún tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, ìyẹn ọkọ̀ àti ẹrù lápapọ̀, 11 sì dúró fún ẹṣin 110. Dísù ló ń mu, dísù sì ń fa ẹrù pẹ́ ju bẹntiróòlù lọ lórí owó kan náà. Àwọn ará ibí ń pè é ní gwongworo. Ní Èkó, orí ṣáṣì rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ molue sí. Ẹ tún kíyè sí i pé ṣáṣì ni, pé pánẹ́ẹ̀bítà wa ló ṣe ìyókù. Ọgbọ́n bọ́lẹ̀kájà náà ni, irin ló gba ipò pákó. Ní Luton àti Dunstable, General Motors fi ọwọ́ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrù Bedford ńlá ní 1986 sí 1987.

Láti Thinkers Corner níbí sí Emene kò jìnnà rárá. Ní Emene ni ANAMMCO wà, ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ẹrù àti bọ́ọ̀sì Mercedes ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Kaduna ní Peugeot, Èkó ní Volkswagen, Ìbàdàn ní Leyland, Bauchi ní Steyr. Ohun ìyangàn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Nígbà bọ́lẹ̀kájà, ohun tó ti òkè òkun wá ni ẹ́ńjìnnì àti ṣáṣì, ìyókù jẹ́ tiwa, pákó wa, ìṣó wa, ọwọ́ wa. Nígbà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọ̀nyí, púpọ̀ nínú ọkọ̀ náà ló ń wá nínú àpótí láti òkè òkun, tí a kàn ń tò ó pọ̀. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní 1986 àti lẹ́yìn rẹ̀, àpótí náà di ọ̀wọ́n gógó. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà rọ, àwọn kan tilẹ̀ kú pátápátá. Àwọn mẹkáníìkì Coal Camp kò kú ní tiwọn. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ lónìí, wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń tún un tò.

Nítorí náà, ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mi ò ní sọ pé ẹ ra èyí, ẹ má ra ìyẹn. Ohun tí ìtàn sọ ni mo ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń ṣe wá lóore láti 1920 wá kì í ṣe èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù nínú ìwé. Èyí tí ọ̀nà wa lè gbà ni, tí ọwọ́ wa lè parí, tí a sì lè jí dìde nígbà tó bá kú lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ dìbò lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹni tó mú àbá ọkọ̀ wá dáhùn ìbéèrè márùn-ún yìí kó tó sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì:

Ọ̀nà wo gan-an ni yóò máa rìn, ní oṣù kẹjọ, kì í ṣe nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Ẹrù mélòó la ní lọ́sẹ̀ kan ní tòótọ́, kì í ṣe èyí tí a fẹ́ ní? Mẹkáníìkì mélòó láàárín Enugu àti Ìbàdàn ló ti tú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ rí? Pààtì rẹ̀ ń kọ́, ṣé a lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ rà á ní Coal Camp, àbí a ó dúró de ọkọ̀ ojú omi? Tó bá dúró fún oṣù méjì, ta ló máa san gbèsè?

Ọkọ̀ tí èèyàn bá fi ẹnu tòótọ́ dáhùn gbogbo ìwọ̀nyí fún, yálà Amẹ́ríkà ni o, yálà Japan ni o, ẹ rà á. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ ò bá pé, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tilẹ̀ ń ké bíi kìnnìún, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ̀yin àgbà tí bàbá yín wa Bedford tàbí Ford rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́ìsì tiyín ránṣẹ́. Ẹ sọ ọ̀nà tó ń rìn fún wa, ẹrù tó ń kó, ohun tó sábà máa ń bàjẹ́ lára rẹ̀, àti ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Bí a kò bá gbà á sílẹ̀ báyìí, ta ni a ó tún bi léèrè lọ́dún mẹ́wàá sí i?